TA NI YÓÒ BÁ WA ṢÍRÒ OMI ỌYA?

Kò sí ọmọ ilẹ̀ Òkun kan, ìbáà jẹ́ ará Òkè-Bùkún ní Bùnú tàbí ará Ìsánlú ní Yàgbà, tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé iṣẹ́ ìlú fún. Bí igbó bá ti bo ojú ọ̀nà, àwọn àgbà a dá ọjọ́, agogo a dún, olúkúlùkù a sì gbé àdá àti ọkọ́ rẹ̀ jáde. Ẹni tí ó bá dùbúlẹ̀ sí ilé ní ọjọ́ náà yóò san owó ìtanràn, nítorí pé gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọ̀nà tí a bá ti ro tán kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá ó bá wọn ro ó kí ó tó jẹ́ kí ó kọjá. Ọ̀lẹ yóò rìn ín, aláápọn yóò rìn ín. Bí kò bá sí ìtanràn, aláápọn pàápàá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sùn di ọ̀sán, kò sì ní pẹ́ tí igbó yóò gba ọ̀nà náà padà.

Ohun tí àwọn baba wa fi àdá àti ọkọ́ mọ̀ yìí ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ti ń fi ìṣirò kọ sínú ìwé láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Ní 1954 ni Paul Samuelson, ará Amẹ́ríkà, kọ àròkọ kúkúrú kan tí òkìkí rẹ̀ kàn, nípa irú ohun tí ẹnìkan lè jẹ àǹfààní rẹ̀ láìdín ti ẹnìkejì kù. Ní 1965, Mancur Olson fi hàn pé bí ẹgbẹ́ kan bá ti tóbi jù, olúkúlùkù a máa retí kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn wọn ni obìnrin kan, Elinor Ostrom, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ àwọn apẹja, àwọn àgbẹ̀ tí ń bu omi odò kan náà rin oko, àti àwọn tí ń ṣa igi nínú igbó kan náà. Ó rí i pé àwọn ará abúlé lè fi òfin tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe ṣọ́ ohun àjọní wọn, láìdúró de ìjọba. Ní 2009 wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba ti ìmọ̀ ọrọ̀-ajé. Ì bá ṣe pé ó gba Òkè-Bùkún kọjá, àwọn àgbà ibẹ̀ ì bá ti sọ ìdajì ìwé rẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìmọ̀ náà ti le jù ni ibi tí kò sí ọba. Láàárín orílẹ̀-èdè méjì, ta ni yóò lu agogo? Ta ni yóò gba ìtanràn lọ́wọ́ ìjọba Kamẹrúùnù? Ta ni yóò sì gbà á lọ́wọ́ ti Nàìjíríà? Odò tí ó ń ṣàn gba ìlú púpọ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ tí a ń mí, ìdènà àjàkálẹ̀ àrùn, àlàáfíà ẹnubodè, ohun àjọní ni gbogbo wọn, kò sì sí ọba kan tí ó jẹ lé wọn lórí. Ẹ̀ka ìmọ̀ ọrọ̀-ajé kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó wádìí bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lè jọ ṣe irú iṣẹ́ ìlú bẹ́ẹ̀ láìsí pé ọ̀kan rẹ́ èkejì jẹ. Àwọn yunifásítì ní ilẹ̀ Áfíríkà àti ní òkè òkun ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò fi í gba oyè ọ̀mọ̀wé, owó ìrànwọ́ sì wà nídìí rẹ̀. A ń kọ̀wé lónìí nítorí a gbàgbọ́ pé ẹ̀kọ́ yìí kan àwọn ọmọ ilẹ̀ tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé ju bí ó ti kan ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ó sì yẹ kí àwọn òbí àti olùkọ́ wọn gbọ́ nípa rẹ̀ kí ilẹ̀kùn náà tó tì.

Ẹ jẹ́ kí a wo odò náà fúnra rẹ̀. Ní Guinea ni orísun Ọya wà. Ó gba Mali àti Niger kọjá, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀ Benin, kí ó tó wọ Nàìjíríà. Láti Kamẹrúùnù ni Bẹ́núé ti ń bọ̀. Ní Lokoja ni àwọn méjèèjì ti pàdé, nínú ìpínlẹ̀ Kogi tí ilẹ̀ Òkun wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1963, àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án péjọ sí Niamey, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò jọ máa lo odò yìí. Àwọn náà ni Guinea, Mali, Niger, Nàìjíríà, Kamẹrúùnù, Chad, Côte d'Ivoire, Dahomey tí a mọ̀ sí Benin lónìí, àti Upper Volta tí ó ti di Burkina Faso. Àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964 yí orúkọ padà ní 1980, ó sì ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Niamey títí di òní. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ó lé ni àjọ náà. Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama léèrè nípa rẹ̀, ẹ̀rù ń bà wá láti gbọ́ ìdáhùn wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni omi kò dúró de ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ní 2012, omíyalé pa ènìyàn 363 ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí àjọ NEMA ti kà á, ó sì lé àwọn tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ kúrò nílé. Ní 2022 ó tún dé, àwọn tí ó kú sì lé ní 600, àwọn tí ó sá kúrò nílé lé ní mílíọ̀nù kan. Kogi wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó jìyà rẹ̀ jù nígbà méjèèjì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, omi gba ọ̀nà Lokoja sí Abuja, àwọn ọkọ̀ tí ó ru epo bẹntiróòlù dúró síbi tí wọ́n wà, epo sì wọ́n ní olú-ìlú. Òkè-Bùkún kò sí ní etí Odò Ọya. Ṣùgbọ́n kí àgbẹ̀ Bùnú tí ó fẹ́ kó iṣu lọ sí Abuja má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ará etídò nìkan ni. Nígbà tí ọ̀nà Lokoja bá dí, iṣu a wà lórí ilẹ̀, oníbàárà a wà lọ́hùn-ún, alágbàtà a sì máa dá iye tí ó bá wù ú.

Nígbàkúùgbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ìsédò Lagdo ní Kamẹrúùnù ni gbogbo ẹnu máa ń dá lẹ́bi. Láàárín 1977 sí 1982 ni wọ́n kọ́ ọ sí orí Bẹ́núé, nítòsí Garoua. A gbọ́ pé ètò wà pé kí Nàìjíríà náà kọ́ tirẹ̀ sí Dasin Hausa ní Adamawa, kí ó lè gba omi tí Lagdo bá tú sílẹ̀ dúró. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí Lagdo ti ń ṣiṣẹ́. Dasin Hausa kò tíì parí.

Síbẹ̀, ní 2022 kan náà, mínísítà ọ̀rọ̀ omi nígbà náà, Suleiman Adamu, sọ ní gbangba pé ìdá 80 nínú 100 omíyalé náà ni òjò tí ó rọ̀ sórí Nàìjíríà fúnra rẹ̀, pé ìwọ̀nba ni ti òkèèrè. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lójú tiwa, ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín kò tíì mọ ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ pé omi Kamẹrúùnù ni ó pọ̀ jù, a jẹ́ pé Dasin Hausa ni ó yẹ kí a kó owó lé. Bí ó bá jẹ́ òjò tiwa ni, ẹ̀rọ tí ń wọn omi, gọ́tà, àti òfin tí kò ní jẹ́ kí ènìyàn kọ́lé sí ipa odò ni ó yẹ kí owó náà lọ bá. Ẹni tí ó bá ṣe àṣìṣe níbẹ̀ yóò sọ ẹgbàágbèje náírà sínú omi ní tòótọ́. Ọ̀rọ̀ tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Iná mànàmáná tí àríwá Kamẹrúùnù ń lò wà nínú omi Lagdo. Bí a bá ní kí wọ́n máa tú u díẹ̀díẹ̀ kí òjò ńlá tó dé, tí òjò náà kò bá wá rọ̀ tó, àwọn ni yóò jókòó nínú òkùnkùn nítorí tiwa. Kí ni a óò fi san án fún wọn? Èló ni ó tó? Ta ni yóò gbé e sílẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ni, tàbí àwọn ìpínlẹ̀ tí omi ń yọ lẹ́nu? Àwọn ìbéèrè tí ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ tí a ń wí yìí ń fi ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún jókòó tì nìyẹn. Kì í ṣe ohun tí a lè fi ariwo orí rédíò yanjú.

Ẹ gbọ́ òmíràn. Láti ìgbà pípẹ́ ni Nàìjíríà ti ń ta iná fún Niger, a sì gbọ́ pé ara àdéhùn tí ó wà láàárín àwa àti wọn ni pé kí wọ́n má ṣe sé Ọya mọ́ wa lókè, nítorí pé Kainji tí a ṣí ní 1969 kò lè ṣiṣẹ́ láìsí omi. Iná ni a fi ń ra omi. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àwọn sójà gba ìjọba ní Niamey. Kí oṣù kẹjọ tó dé àárín, Nàìjíríà ti pa iná náà. Àwa kò fara mọ́ kí sójà máa fi ìbọn gba ìjọba, a kò sì ní fara mọ́ ọn láé. Ohun tí a ń bèèrè ni pé, ní ọjọ́ tí wọ́n jókòó láti pa iná náà, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni wà ní ìdí tábìlì tí ó ṣírò omi? Niger ti ń kọ́ ìsédò tirẹ̀ sí Kandadji tipẹ́tipẹ́. Ẹni tí a bá pa iná mọ́ lójú yóò yára wá iná tirẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso jáde kúrò nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n wà lára àwọn mẹ́sàn-án tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé odò ní 1963. Wọ́n lè jáde kúrò nínú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè gbé ilẹ̀ wọn kúrò lókè odò. Ó di dandan kí a tún bá wọn jókòó, kí a sì bá wọn jókòó pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ kì í so èso. Àìsàn kan wà tí ń fọ́ ojú àwọn ará etídò. Kòkòrò kékeré kan tí ń bí sínú omi tí ń sáré ni ó ń gbé e kiri, afẹ́fẹ́ sì lè gbé kòkòrò náà rìn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà. Bí Gánà bá fín oògùn sí odò tirẹ̀ tí Tógò kò fín, asán ni. Ní 1974, orílẹ̀-èdè méje ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Benin àti Tógò lára wọn, gbà láti jọ fín in. Mẹ́rin mìíràn wá dara pọ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ àti Báńkì Àgbáyé kó owó sí i. Ní 1987, ilé-iṣẹ́ Merck kéde pé òun yóò máa fúnni ní oògùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́ náà ní 2002, àwọn ènìyàn ti ń padà sí ilẹ̀ ọlọ́ràá etídò tí àwọn baba wọn ti sá fún. Ètò èkejì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1995 ni ó kan Nàìjíríà. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ ìlera àgbáyé jẹ́rìí sí i pé Niger ti ṣẹ́gun àìsàn náà pátápátá, òun sì ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé nínú oṣù kan náà tí ó kúrò nínú ECOWAS ni ó jẹ èrè ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yìí.

Ẹ̀yin olùkọ́ pàápàá ń jẹ nínú irú èso bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, bí ẹ kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. WAEC tí ẹ ń forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún, àjọni ni. Ní 1952 ni a dá a sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gánà, Sierra Leone àti Gambia, Liberia sì wọlé ní 1974. Ìwé ẹ̀rí ọmọ Kabba àti ti ọmọ Kumasi, ọwọ́ kan náà ni ó fi wọ́n léde. Ó ṣe é ṣe kí olùkọ́ kan fi WAEC ṣe àpẹẹrẹ ní kíláàsì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ọmọ kan sì tipasẹ̀ rẹ̀ rí ohun tí yóò fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe.

Àwọn ènìyàn wa kan ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú. Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, wà lára àwọn tí wọ́n ṣe wàhálà jù kí ECOWAS tó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Láti 1975 títí di 1991 ni ó sì fi darí àjọ ọrọ̀-ajé Áfíríkà ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè ní Addis Ababa. Ó kú ní 2018. Láti ìpínlẹ̀ Kogi tiwa yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Eyitayo Lambo ti jáde, onímọ̀ nípa ọrọ̀-ajé ìlera, tí ó ṣe mínísítà ìlera láti 2003 sí 2007. A dárúkọ àwọn méjèèjì kí ọmọ tí ó ń ka ìwé yìí ní Òkè-Bùkún lè mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé kì í ṣe ti báńkì nìkan.

Ibo wá ni ilẹ̀kùn náà wà? Èyí tí ó sún mọ́ wa jù wà ní Ìbàdàn. Àjọ àwọn olùwádìí ọrọ̀-ajé Áfíríkà, AERC, tí ó ti wà ní Nairobi láti 1988, ń bá àwọn yunifásítì díẹ̀ ní Áfíríkà ṣe ètò oyè ọ̀mọ̀wé papọ̀ láti 2002, Yunifásítì Ìbàdàn sì wà lára wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ a máa péjọ sí Nairobi fún apá kan nínú ẹ̀kọ́ náà. Bí ọmọ Kabba bá jókòó ti ọmọ Garoua fún oṣù díẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn nìkan tó fún wa. Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà tún ní ẹ̀ka kan ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù gan-an, tí ó wà fún ìmọ̀ ìṣàkóso àti ìrẹ́pọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè. Àjọ náà a sì máa ran àwọn tí ó bá yàn lọ́wọ́. Ní Dakar, ní Sẹ̀nẹ̀gà, Yunifásítì Cheikh Anta Diop ní ètò oyè ọ̀mọ̀wé nínú ọrọ̀-ajé ìyípadà ojú ọjọ́, lábẹ́ àjọ tí à ń pè ní WASCAL. Ìjọba Jámánì ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ nínú ìnáwó rẹ̀, àwọn yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní Àkúrẹ́ àti Minna sì wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, ní ẹ̀ka mìíràn.

Ní ti òkè òkun, ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Commonwealth ti ń mú àwọn ọmọ wa lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí 1960. Ní Jámánì, iṣẹ́ oṣù ni a sábà máa ń ka ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé sí. Wọ́n a polówó rẹ̀ bí wọ́n ti ń polówó iṣẹ́, wọ́n a sì máa san owó fún ẹni tí ó bá gbà á. Ní àwọn yunifásítì ńlá ní Amẹ́ríkà, ẹni tí a bá gbà fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú ọrọ̀-ajé kì í sábà san owó ilé-ẹ̀kọ́, owó oúnjẹ a sì tún máa wọlé fún un fún ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A fẹ́ kí àwọn òbí gbọ́ gbólóhùn yìí dáadáa, nítorí pé àwọn gbájú-ẹ̀ kan wà ní ìgboro tí wọ́n ń gba owó ilẹ̀ àti owó mọ́tò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n ní àwọn yóò bá wọn ra àyè ọ̀mọ̀wé. Kò sí yunifásítì gidi kan tí ń ta àyè bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí owó fọ́ọ̀mù, ẹni tí ó bá ń bèèrè owó ńlá kí ó tó fún ọmọ rẹ ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, olè ni.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà náà há, ó sì yẹ kí a sọ òtítọ́. Ìṣirò ni ó ń sé ọ̀pọ̀ mọ́ ìta. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka ọrọ̀-ajé dé òkè gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò bí ẹni mọ ọ̀nà oko baba rẹ̀, kì í sì í ṣe ní yunifásítì ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwa tí a ti mú ẹfun dúró níwájú pátákó rí mọ̀ pé kíláàsì tí kò ní olùkọ́ ìṣirò fún ọdún méjì kì í rí ọdún méjì náà gbà padà mọ́. Faransé ni èkejì. Nínú àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án tí ó ni Odò Ọya, mẹ́jọ ni iṣẹ́ ìjọba wọn ń lo Faransé. Ẹni tí kò gbọ́ ọ yóò máa retí ògbufọ̀, ẹni tí ó sì ń retí ògbufọ̀ nínú ìpàdé owó ti pàdánù ìdajì. A kò lérò pé ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ilẹ̀ Òkun wà láìní olùkọ́ Faransé.

Ẹ̀kẹta ni ìbéèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó ń wá akẹ́kọ̀ọ́ kì í bi í pé irú ọmọ ta ni. Ohun tí ó ń bi í ni pé, kí ni o fẹ́ wádìí? Níbí ni ọmọ Òkè-Bùkún ti lè borí ọmọ ìlú ńlá. Ní 1998 ni ECOWAS ṣe òfin nípa bí àwọn darandaran yóò ṣe máa kó màlúù gba ẹnubodè kọjá, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí àti ipa ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀. Ọmọ tí ó bá ti rí oko tí màlúù jẹ, tí ó mọ ohun tí àgbẹ̀ pàdánù, tí ó sì lè bá darandaran sọ̀rọ̀ kí ó gbọ́ tirẹ̀, ní ìwádìí lọ́wọ́ ju ẹni tí ó kà á nínú ìwé ìròyìn lọ. Ta ni ó yẹ kí ó san owó ipa ọ̀nà náà? Kí ni ó mú kí òfin tí àwọn ìjọba fọwọ́ sí má dé etí ẹni tí ó ń da màlúù? Kí ọmọ náà kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sí ojú ewé méjì, kí ó kọ ọ́ dáadáa, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ bá a mu. Ọ̀pọ̀ kò ní dá a lóhùn. Kí ó tún kọ òmíràn.

A mọ ohun tí àwọn òbí yóò sọ. Wọn yóò ní ọmọ ti ka ìwé títí ó fi gba digírì, ó yẹ kí ó wá iṣẹ́, kí ó ran àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí a fi tẹnu mọ́ àwọn àyè tí owó oṣù wà nínú wọn. Àwọn mìíràn yóò ní bí ọmọ bá lọ, kò ní padà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a rò pé ọmọ tí ó lọ wádìí omíyalé Lokoja ní Dakar tàbí ní Yaoundé ní ìdí láti máa bọ̀ wálé ju ẹni tí ó lọ tọ́jú ilé arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù lọ, nítorí pé ilé ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Bí kò bá sì padà, tí ó jókòó sí Niamey tàbí Addis Ababa níbi tí wọ́n ti ń pín omi, ó sàn fún wa kí ọmọ wa wà níbẹ̀ ju kí ó má sí ẹnikẹ́ni lọ.

Ẹ̀yin olóṣèlú wa ni ọ̀rọ̀ kù sí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, Kabba wà lábẹ́ ìjọba Àríwá, ààlà sì dá àwọn ọmọ ilẹ̀ Òkun dúró sí ìta nígbà tí àwọn ará wọn ní Èkìtì ń wọlé. Wọn kò jókòó sunkún. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì, bíi Titcombe College ní Egbe tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1951, ni wọ́n há mọ́, àwọn òbí ta iṣu, wọ́n ta aṣọ òfì, wọ́n sì fi rán ọmọ. Ìran tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí ilẹ̀ Òkun fi ń yangàn lónìí. Kò yẹ kí àwa tí a bá a nílẹ̀ jẹ́ kí ó tán sọ́wọ́ wa.

Nítorí náà, nígbà tí olùdíje bá dé Òkè-Bùkún ní àkókò ìpolongo, láti ẹgbẹ́ yòówù kí ó ti wá, tí ẹgbẹ́ tí àwa fúnra wa fẹ́ràn kò sì yọ sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó jó ijó rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi í ní ohun mẹ́ta: ibo ni Dasin Hausa dé, èló ni yóò yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ yìí tí ń wádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé, àti pé olùkọ́ ìṣirò mélòó ni ó ń bọ̀ wá sí ilẹ̀ Bùnú. Bí ó bá ní òun yóò padà wá dáhùn, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ilẹ̀ Òkun àti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ó wà ní Abuja, Èkó, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ dúró de ìjọba náà. Àwọn ọmọ kan rí àyè gbà, wọn kò sì rí owó ọkọ̀ òfúrufú, owó físà àti owó oúnjẹ oṣù méjì àkọ́kọ́. Kì í ṣe owó tí ó lè wọ ẹgbẹ́ lọ́rùn, ó sì dá wa lójú pé ohun tí a ń ná sórí aṣọ ẹgbẹ́jọdá ní ayẹyẹ kan ṣoṣo yóò gbé ọmọ kan dé Dakar. Kí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí pàdé ní Kabba kí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun tó wọlé, kí wọ́n yan ọmọ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí ìṣirò wọn dá múṣémúṣé. Kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí yóò dá owó náà sílẹ̀, iye tí olúkúlùkù yóò dá, àti iye ìtanràn ẹni tí kò bá mú tirẹ̀ wá.